Ṣé ọṣẹ tó ń ta ni lọ́wọ́ ló ń fọ nǹkan mọ́ jù? Ìdáhùn fún ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wólé-wólé. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ń tọ́ ọmọ oṣù márùn-ún lọ́wọ́. Ọṣẹ olómi tí ẹnì kan ń pò ládùúgbò wa ni mò ń rà ní kẹ́ẹ̀gì. Òun ni mo fi ń fọ ọwọ́, òun ni mo fi ń fọ abọ́, òun náà ni mo fi ń fọ ẹ̀fọ́. Ó ti pé bí oṣù méjì tí ọwọ́ mi ti ń bó, bí mo bá sì fọwọ́ kan ata, kò ṣeé fara dà. Ẹni tó ń tà á ní ojúlówó ló ń ta mí bẹ́ẹ̀, pé ọṣẹ tí kì í bá ta ni kò lè pa kòkòrò. Ìyá ọkọ mi tún ní kí n máa po bílíìṣì mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ilé ìwẹ̀ wa lè funfun dáadáa. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn? Ṣé mo sì lè fi ọṣẹ náà wẹ ọmọ mi?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà, ìyá mi, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Gbogbo ohun tí ẹ bèèrè ni mo máa dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀lé e bí ẹ ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ bílíìṣì àti ásíìdì ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.

Ẹ má po wọ́n pọ̀ mọ́ láé. Ohun tó wà nínú bílíìṣì tí gbogbo wa ń rà, ì báà jẹ́ ti inú ike tàbí ti inú ọ̀rá kékeré, sodium hypochlorite ni orúkọ rẹ̀. Ásíìdì tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń bù fún ni nínú ike omi tí kò ní àkọlé lára, hydrochloric acid ló sábà máa ń jẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì chlorine ló ń jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í tètè gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, níbi tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti ń mí. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró tó sì kan omi tó wà níbẹ̀, ó ń di ásíìdì nínú ara ènìyàn. Gáàsì yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, lórílẹ̀-èdè Belgium, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ohun tí wọ́n fi jagun ni a ń pò fúnra wa nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní ju fèrèsé kékeré kan lọ.

Ìtọ̀ náà kò bá bílíìṣì ṣọ̀rẹ́. Ammonia tó wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń bá bílíìṣì dá gáàsì mìíràn sílẹ̀ tó ń ta ni lójú, tó sì ń fa ikọ́. Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń tọ̀, kí ẹ tó mú bílíìṣì débẹ̀.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ti pò ó, tí ojú rẹ̀ ń ta, tí ọ̀fun rẹ̀ ń ha, kó má ṣe ní òun fẹ́ yára parí iṣẹ́. Kó jáde síta gbangba lójú ẹsẹ̀, kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí mímí bá ń nira, ilé ìwòsàn yá, kódà bí ara bá dà bíi pé ó ti balẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí gáàsì yìí bá kàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà.

Ẹ má wá sọ fún ìyá ọkọ yín pé wọn ò mọ nǹkan kan o. Ohun tí wọ́n fojú rí ni pé ilé ìwẹ̀ funfun. Ẹ sọ fún wọn pé ásíìdì dá ní iṣẹ́ tirẹ̀, bílíìṣì náà sì dá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá lo ọ̀kan, kí wọ́n fi omi ṣàn án nù pátápátá, kí èkejì di ọjọ́ mìíràn. Ohun mìíràn tí mo tún fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni pé bó bá jẹ́ àwọ̀ pupa bíi ti ìpẹtà ni omi bọ́hóólù fi sí ilẹ̀ yín, bílíìṣì kò lè bó o. Irin tó wà nínú omi ló fà á, ńṣe ni bílíìṣì sì ń jẹ́ kó le mọ́ ibẹ̀ sí i. Bó ṣe rí lára aṣọ funfun náà nìyẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń tú u, kí ẹ fún un sí i, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá ha á. Ọsàn náà, ásíìdì ni o, bílíìṣì kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọṣẹ gan-an. Irọ́ ni ẹni tó ń ta ọṣẹ fún yín pa, bóyá òun náà ò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á wá sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi dì. Omi eérú yẹn nìkan lè bó awọ ọwọ́ ènìyàn. Àdín nìkan kò lè fọ àwo. Àfi ìgbà tí iná bá so wọ́n pọ̀ tí wọ́n sì di nǹkan kan ṣoṣo ni ọṣẹ tó dé. Bí omi eérú bá pọ̀ ju àdín lọ, ọṣẹ yóò máa ta ni, ìyá tó mọṣẹ́ á sì mọ̀ pé ó kù síbì kan. Láyé àtijọ́ gan-an, kò sí ẹni tó ń pe ọṣẹ tó ń ta ni ní ojúlówó.

Ohun tí ọṣẹ ń ṣe kò sì gba agbára rárá. Omi àti ọ̀rá kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ọṣẹ ni alárinà wọn, apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, apá tó fẹ́ràn ọ̀rá á di ìdọ̀tí mú, apá tó fẹ́ràn omi á fà á jáde, bí ẹ bá sì da omi sí i, gbogbo rẹ̀ á bá omi lọ. Kòkòrò àrùn tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà á bá a lọ. Àwọn kan lára wọn, irú Ebola àti kòrónà, ọ̀rá ni aṣọ tí wọ́n wọ̀, ọṣẹ sì máa ń fa aṣọ náà ya. Ọṣẹ lásán ló ń ṣe gbogbo èyí, kò nílò kí ó ta yín.

Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje. Ẹni 20 ló mú, ó sì pa 8, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé ti kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Wíwá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí ni iṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa náà la rí garawa omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ọṣẹ tó wà níbẹ̀ kò bó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kí ló wá dé tí ti yín fi ń ta yín? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po ọṣẹ olómi ládùúgbò ń lo sulphonic acid, wọ́n á sì fi kọ́sítíìkì sódà pa agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá wọn àwọn méjèèjì dáadáa, ọṣẹ tó dára ni, mi ò kórìíra iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi tọ́ ọmọ. Àmọ́ àwọn tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n wà, ife kan sí ìsísìyí, ìdajì ife sí i lọ́jọ́ mìíràn. Bí ásíìdì bá ṣẹ́ kù, ó ń ta ni. Bí kọ́sítíìkì bá ṣẹ́ kù, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ́sítíìkì ń yọ́ ọ̀rá tó wà lára awọ, ọwọ́ á máa yọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ títí bí ẹ tilẹ̀ ṣàn án. Ìdí rèé tí ẹ kò fi gbọdọ̀ da bílíìṣì sínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ kó lè fọṣọ funfun: bí ásíìdì bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, gáàsì tí mo sọ lókè yẹn lẹ ó gbé jáde nínú agbada ìfọṣọ.

Ọṣẹ nìkan kọ́ ló ń bá ọwọ́ yín jà ṣá. Mo máa ń kọjá ní Olúwo láàárọ̀, mo sì máa ń wo ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ja. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ agbada tí omi yìnyín wà láti mú ọ̀bọ̀kún jáde, wọ́n á ha ìpẹ́ èpìyà, ẹ̀gún á gún wọn, wọ́n á ki ọwọ́ sínú omi ọṣẹ, wọ́n á nu ún mọ́ ìró, wọ́n á tún padà sínú yìnyín. Ọwọ́ tó bá wà nínú omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, awọ rẹ̀ á rọ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ á ṣí, ọṣẹ tí kì bá ti ṣe é ní nǹkan kan á wá rọ́nà wọlé. Ẹ wo abẹ́ òrùka yín. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ bó, ọṣẹ tí ẹ kò ṣàn tán ló há síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ bọ́ òrùka kúrò kí ẹ tó fọwọ́, kí ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nu àárín ìka gbẹ. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún iṣẹ́ yìnyín. Lálẹ́, ẹ fi òrí tàbí fàsílíìnì pa ọwọ́ kí ẹ tó sùn, àní bí òórùn òrí kò bá tilẹ̀ wù yín. Ọṣẹ kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ má fi kan awọ ara mọ́, ọṣẹ ìwẹ̀ ọlọ́ṣọ̀ọ́ kankan kò pọn dandan, èyí tó rọra ń hó tó sì rọrùn láti ṣàn ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gún ẹja bá gún yín, tí ibẹ̀ sì pọ́n, tó gbóná, tó ń wú sí i láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ tàbí omi gbígbóná wò ó nílé. Àwọn kòkòrò kan wà nínú omi ọ̀sà àti lára ẹja tó ń jẹ ẹran ara kíákíá, dókítà ló gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà.

Bó bá jẹ́ òórùn ẹja ló ń mú yín fi ọṣẹ tó le ha ọwọ́, kò lè tán lọ́nà yẹn. Ohun tó ń rùn lára ẹja fara jọ omi eérú, ọṣẹ kì í pa á, ásíìdì ló ń pa á. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọwọ́, ẹ pa á, kí ẹ wá fi ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Ó di ìgbà tí ọwọ́ bá jinná o, torí ọsàn ń ta ojú ọgbẹ́. Kí ẹ sì ṣàn án tán kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá gbẹ mọ́ awọ lábẹ́ oòrùn lè jó o, kó lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Nípa fífọ ọwọ́, ogún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra ka 1 dé 20, ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ dé ẹ̀yìn ọwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ṣáájú oúnjẹ, ṣáájú kí ẹ tó fún ọmọ lọ́mú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ìyàgbẹ́ dé tàbí tí ẹ bá nu ìdí ọmọ. Mi ò ní yé sọ ti abọ́ ìfọwọ́ òde ìnáwó. Abọ́ kan ṣoṣo, omi kan náà, gbogbo ẹni tó jókòó yí tábìlì ká á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ara wọn. Ẹni tó fọwọ́ kẹ́yìn, ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn tó ṣáájú ló fi fọwọ́, kódà bí ọṣẹ bá hó nínú omi náà. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2024, irú nǹkan tó yẹ ká kọ́kọ́ pa tì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi ife da omi sórí ọwọ́ àlejò, kí omi máa ṣàn bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ yín ńkọ́? Rárá o, ẹ má fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ ẹ́. Awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, ohun tó ń bó ọwọ́ ìyá rẹ̀ á ṣe é léṣe gidi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ọmọ díẹ̀ sí abẹ́ apá, ọrùn àti ìdí ti tó o. Ọ̀pọ̀ ìyá tún máa ń da oògùn apakòkòrò tó ń rùn bí ilé ìwòsàn sínú omi ìwẹ̀ ọmọ. Kò nílò rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣì í wọ̀n, ó ń jó awọ. Lọ́dún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n mú triclosan àti àwọn ohun apakòkòrò 18 mìíràn kúrò nínú ọṣẹ ìfọwọ́ àti ìwẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rà, torí àwọn tó ń ṣe é kò lè fi ẹ̀rí hàn pé ó dára ju ọṣẹ lásán àti omi lọ.

Ẹ̀fọ́, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ewé máa ń mu ọṣẹ sára, omi kì í ṣàn án tán, ikùn yín ló sì ń gbà á. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ léraléra, bó bá jẹ́ kòkòrò inú ewé ni, ẹ fi omi oníyọ̀ rẹ ẹ́ kí ẹ tó tún fọ̀ ọ́. Bákan náà ni pọ̀nmọ́ àti ìgbín rí. Èyí tó tún bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ti àwọn tó ń da ọṣẹ ìfọṣọ sínú ẹ̀gẹ́ kó lè tètè rọ̀ fún fùfú. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ láti ilẹ̀ wá, rírẹ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yọ ọ́. Ẹni tó bá fi ọṣẹ sáré mú un rọ̀, ó fi májèlé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó sì tún fi ọṣẹ kún un.

Ẹ kò bi mí léyìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: ojú ara. Ìta nìkan ni kí ẹ fọ̀, omi lásán sì tó. Inú rẹ̀ ní àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan díẹ̀. Ọṣẹ ń lé wọn lọ, àìsàn tó ń rùn á wá gba ipò wọn, obìnrin á sì tún máa fi ọṣẹ fọ òórùn tí ọṣẹ fà. Ọṣẹ tó ń mú ara funfun náà, ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí mercury, mercuric iodide tàbí calomel, ẹ dá a padà, mẹ́kúrì ni, ó ń wọ ara, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń mu ọmú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí gan-an ni kí ẹ wo ibi tí ẹ tọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyí sí. Ọṣẹ olómi, bílíìṣì, ásíìdì, gbogbo wọn ni a ń bù sínú ike omi mímu, ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì ní bèèrè. Mo ti dé ilé tí ọmọ kan ti gbé kọ́sítíìkì mì láti inú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ sì ṣe ń jinná, ọ̀nà náà ń fún pọ̀ títí tí ọmọ kò fi lè gbé ẹ̀kọ mì mọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, torí ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Epo pupa tí gbogbo wa ń sáré fún ọmọ, ẹ má fún un. Kò lè pa kọ́sítíìkì, ó lè mú kó bì, epo náà sì lè ṣì gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ike náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Bó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbéra.

Ní ti ẹni tó ń po ọṣẹ fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé níbi tó ti ń ra sulphonic acid gan-an ni wọ́n ti ń ta pápà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń pè ní pH. Kó ki ẹyọ kan bọ inú ọṣẹ tó bá pò tán, kó fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí. Bó bá wà ní 7 tàbí 8, kó tà á. Bó bá lọ sílẹ̀ tàbí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kó ṣe é kó tọ́ kó tó bù ú sí kẹ́ẹ̀gì fún ẹnikẹ́ni.